Ère ní Etí Odò: Ẹ̀kọ́ tí Igbó Ọ̀ṣun fi Sílẹ̀ fún Àwọn Ìlú tí Omi Wọn Ń Bàjẹ́

Etí omi ni ìtàn ìtẹ̀dó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí odò. Ọmọ ọba ni ó máa ń kó àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bá odò dá májẹ̀mú kí wọ́n tó fi ìdí múlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọba tí ó bá jẹ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ fi jẹ́ alágbàtọ́ odò gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ olórí àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Ifẹ̀ ní Akparé àti ní gbogbo agbègbè Atakpamé, ní ilẹ̀ Togo. Odò Ogou ni ó fún ẹkùn ìṣàkóso wọn ní orúkọ. Ó ń ṣàn lọ pàdé odò Mono, èyí tí ó jẹ́ ààlà láàárín Togo àti Benin ní apá ìsàlẹ̀ kí ó tó wọ òkun ní agbègbè Grand-Popo.

Lónìí, ọ̀pọ̀ odò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò mọ́ mọ́, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ti ń gbìyànjú ní ibi púpọ̀ láti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ta àwọn ènìyàn jí. Nínú irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni ó sún mọ́ ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá tó ti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìtàn ibẹ̀ yẹ ní yíyẹ̀wò fínnífínní, nítorí pé àwọn ère tí a gbé kalẹ̀ níbẹ̀ gba igbó là, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba omi là. Ohun tí ó fà á ni àròkọ yìí fẹ́ ṣàlàyé, àti ohun tí ó kọ́ àwọn ìlú tí ó wà ní bèbè odò mìíràn.

Ẹ̀sùn tí odò kọ́kọ́ fi kan ọba

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu Òṣogbo ti wí, ìlú Ipólé ni Láròóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣí wá. Ọ̀dá omi ni ó lé wọn. Olútìmẹ́yìn, ọdẹ ńlá, ni ó rí odò Ọ̀ṣun nínú igbó, tí ó sì padà lọ sọ fún Láròóyè pé omi ti wà. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n ń gé igi láti pa ilẹ̀ mọ́, igi kan wó lu odò. Ohùn kan sì dún láti inú ibú, ó pè wọ́n ní oṣó inú igbó, ó ní wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Àwọn kan gbà pé láti inú ọ̀rọ̀ náà ni orúkọ Òṣogbo ti jáde.

Ohun mìíràn wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ ní kíkíyèsí. Ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí odò bá àwọn àlejò rẹ̀ sọ. Omi ni wọ́n wá wá, wọ́n sì ti ba ilé omi jẹ́ kí wọ́n tó jókòó. Láròóyè kò bá odò jiyàn. Ó túúbá, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní bèbè, ó lọ tẹ ìlú dó sí orí ilẹ̀ tí ó ga ju ibẹ̀ lọ, ó sì fi igbó etí odò sílẹ̀ fún Ọ̀ṣun. Nígbà tí ó gbé oúnjẹ fún odò, ẹja ńlá kan fò sókè, ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ọba Òṣogbo ní Àtáọ́ja, ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja.

Májẹ̀mú náà de ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Odò yóò fún ìlú ní omi, ọmọ àti ààbò. Ìlú kò ní pa ẹja rẹ̀, kò ní gé igi rẹ̀, kò sì ní dọdẹ ní bèbè rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, Arugbá, wúńdíá tí ó ń ru igbá ẹbọ, máa ń gbéra láti ààfin lọ sí etí odò, ọba àti gbogbo ìlú a sì tẹ̀ lé e láti sọ májẹ̀mú náà dọ̀tun. Lójú ẹni tí ó mọ ètò ìlú, ọdún náà jọ ìgbà tí ọba ń jíyìn iṣẹ́ ìríjú rẹ̀ níwájú ẹni tí ó fún un ní ilẹ̀.

Bí a ṣe fi ère tún igbó gbà

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, májẹ̀mú náà ti ń yẹ̀. Ẹ̀sìn tuntun ti gba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn àwòrò ń dín kù, àwọn ojúbọ sì ń wó. Wọ́n ń gé igi, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń dọdẹ níbi tí èèwọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Àwọn olè sì ń jí ère gbé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ní àtijọ́, ìlú púpọ̀ ni ó ní igbó mímọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti pa tì, tàbí tí ó ti kéré kúrò ní bí ó ti wà.

Ní àkókò yìí ni Susanne Wenger dé Òṣogbo. Ọmọ ilẹ̀ Austria ni. Ìlú Graz ni a ti bí i ní 1915. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, ikọ́ ife kọlù ú, lẹ́yìn èyí ni ó di ẹni tí a ṣí ojú rẹ̀ sí ẹ̀sìn òrìṣà lọ́dọ̀ Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ. Ní Òṣogbo, àwọn àwòrò fún un ní àyè láti bá wọn tún àwọn ojúbọ ṣe, Àtáọ́ja ìgbà náà, Ọba Samuel Adénlé Kìíní, tí ó jọba láti 1944 sí 1975, sì tì í lẹ́yìn. Àwọn ará ìlú wá ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà.

Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà ni wọ́n jọ ṣe é. Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, mọ ògiri àti ère sìmẹ́ǹtì. Buraimoh Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi. Sàká Àrẹ̀mú náà wà lára wọn. Wọ́n fi irin ṣe egungun ère, wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ṣe ẹran ara rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó ga ju ènìyàn lọ ní ìlọ́po. Ìyá Mọ̀ọ́pó, aláàbò àwọn amọ̀kòkò àti àwọn aláró, dúró gàgàrà láàárín igi. Ẹni tí ó bá rántí ìkòkò aró tí Láròóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́ yóò mọ̀ pé ère náà kò ṣàdédé wà níbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà kan, ìjàpá tí ó ń fò ni wọ́n fi ṣe ara àtẹ́rígbà.

Àlejò lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Iṣẹ́ ààlà ni wọ́n ń ṣe. Èèwọ̀ kò ṣeé fojú rí. Nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bá kú tán, kò sí ohun tí ó kù láti dá aláàáké dúró. Ère mú kí èèwọ̀ náà hàn. Ilẹ̀ tí agbẹ́gi tàbí olóko kan ti lè kà sí ìgbẹ́ lásán wá di ilẹ̀ tí gbogbo ojú rí i pé ó ní olúwa. Òfin ìjọba sì tẹ̀ lé e. Ní 1965, ìjọba kéde igbó náà ní ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ ìkéde náà títí ó fi kó gbogbo hẹ́kítà 75 mọ́ra. Ní 2005, àjọ UNESCO fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé, ó sì di èkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Nínú igbó náà, àwọn onímọ̀ ka ojúbọ ogójì. Nígbà tí Àdùnní kú ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ó ti rí i pé igbó dúró, èèwọ̀ sì ti padà sípò.

Omi yí àwọ̀ padà

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, omi tí ó ń kọjá lẹ́sẹ̀ àwọn ère náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí amọ̀. Igi kò ṣí kúrò, ère kò wó, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ odò kò ṣeé rí mọ́. Òkè odò ni ọ̀ràn náà ti wá. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjèṣà, wọ́n sì ti ń wà á níbẹ̀ láti ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn. Nígbà tí owó wúrà lọ sókè lágbàáyé, àwọn awakùsà pọ̀ sí i ní bèbè àwọn odò kéékèèké tí ó ń tú sínú Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé àṣẹ.

Ọ̀nà tí ìwakùsà bẹ́ẹ̀ ń gbà ba omi jẹ́ kò ṣòro láti lóye. Àwọn awakùsà a gbẹ́ bèbè odò, wọn a fi omi fọ erùpẹ̀ láti wá wúrà inú rẹ̀, ẹrẹ̀ tí ó kù a sì ṣàn lọ. Ẹrẹ̀ yìí ni ó ń yí àwọ̀ omi padà, tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ewé inú omi, tí ó sì ń bo ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí. Ohun tí ojú kò rí léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo mẹ́kúrì láti kó ẹ̀rún wúrà jọ, apá kan rẹ̀ a wọ odò. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹrẹ̀ a sọ ọ́ di oró tí ó ń wọ ara ẹja, a sì ti ara ẹja wọ ara ènìyàn. Àgbáyé ti mọ èyí láti ìgbà tí àìsàn Minamata ti jáde ní ilẹ̀ Japan ní 1956. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi pe àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó gbà á.

Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ohun tí ìkìlọ̀ yìí túmọ̀ sí. Omi ni Ọ̀ṣun fi ń wo àìsàn; omi ni àwọn tí ó ń wá ọmọ máa ń bù mu, tí wọ́n sì máa ń gbé lọ sílé nínú kèrègbè àti ìgò. Ọdún tí kò ní omi mímu dà bí ìyàwó tí a gbé wọlé tí a kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ olùjọ́sìn ṣì bu omi náà mu, nítorí pé ìgbàgbọ́ wọn kò gbà pé Ìyá lè pa ọmọ rẹ̀.

Ààlà ọba àti ààlà omi

Kí ni ó fà á tí ère tí ó lé aláàáké kò fi lè lé ẹrẹ̀? Odò Ọ̀ṣun kò bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ní Ìgèdè, ní ilẹ̀ Èkìtì, ni orísun rẹ̀ wà. Ó gba ilẹ̀ àwọn ọba púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Àtáọ́ja, ó sì tún ń lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kkí. Hẹ́kítà 75 ni òfin àjogúnbá dáàbò bò. Omi tí ó wọlé láti òkè kò wà lábẹ́ òfin náà, kò sì wà lábẹ́ àṣẹ ààfin Òṣogbo. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, òun náà ni ó sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Ọba tí ó dá májẹ̀mú pẹ̀lú odò kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ lórí ohun tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ ní ìrìn àjò ọjọ́ kan sí ààfin rẹ̀.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọmọ tí ó gbàgbé ilé ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ní Òṣogbo, ó yẹ kí a gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ odò gan-an. Gbogbo iṣẹ́ ọnà, gbogbo owó ìtọ́jú, gbogbo àlejò láti òkè òkun ni wọ́n kó jọ sí ibi kan ní àárín odò, kò sì sí ère kan tí ó ṣọ́ orísun tàbí àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Ìjèṣà. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tí ó gbẹ́ ère. Ní ìgbà tiwọn, àáké ni ọ̀tá, etí odò ni ó sì ti wá.

Iṣẹ́ ọnà tí ó jáde lọ bá àwọn ènìyàn

Ní ibòmíràn, àwọn oníṣẹ́ ọnà ti gbìyànjú láti mú ọ̀ràn odò lọ síwájú àwọn tí kò gbé ní bèbè rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1968, Nicolás García Uriburu, ọmọ ilẹ̀ Argentina, da àwọ̀ tí kò ní oró sínú odò àárín ìlú Venice, omi náà sì di àwọ̀ ewé ní àkókò tí gbogbo àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà àgbáyé pé jọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní New York, ní Paris àti ní ìlú rẹ̀, Buenos Aires, níbi tí odò Riachuelo ti kún fún ìdọ̀tí àwọn ilé iṣẹ́. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn: ìdọ̀tí tí a ti ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ wá lójú mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ tuntun a mú kí olúkúlùkù bèèrè ohun tí ó wà nínú omi.

Èyí tí ó sún mọ́ ilé jù ni iṣẹ́ Sokari Douglas Camp, ọmọ Kàlàbàrí láti Buguma. Ní 2006, ó fi irin ṣe bọ́ọ̀sì ńlá kan ní London ní ìrántí Ken Saro-Wiwa, tí ìjọba ológun Nàìjíríà pa ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá 1995 pẹ̀lú àwọn ọmọ Ògóni mẹ́jọ mìíràn. Ó gbé àgbá epo lé orí bọ́ọ̀sì náà, ó sì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n pa sí wọn lára. Ọ̀rọ̀ odò ni ọ̀rọ̀ náà: ìwádìí tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé jáde ní 2011 sọ pé títún ilẹ̀ àti omi Ògóni ṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Ní 2015, nígbà tí ó pé ogún ọdún tí wọ́n pa wọ́n, wọ́n fi bọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ sílé. Àwọn aṣọ́bodè dá a dúró ní èbúté Èkó, wọn kò sì jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a ṣe é fún. Bí iṣẹ́ ọnà kò bá ní agbára, ta ni yóò bẹ̀rù irin tí kò ní ẹ́ńjìnnì?

Ohun tí ó kù fún Ogou àti Mono

Ohun tí ó lè ba omi jẹ́ ní agbègbè Atakpamé lè yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Ìjèṣà. Ilẹ̀ òwú ni, oògùn apakòkòrò àti ajílẹ̀ tí òjò bá fọ̀ kúrò lóko kò ní ibòmíràn tí yóò lọ ju odò lọ. Ìdọ̀tí ìlú náà sì ń pọ̀ bí ìlú ti ń gbòòrò. Ṣùgbọ́n ìrìn omi jọra. Ohun tí ó bá wọ Ogou yóò dé Mono. Ohun tí ó bá wọ Mono lókè ìdídò Nangbéto, tí Togo àti Benin jọ ṣí ní 1987, yóò dé inú adágún tí àwọn apẹja ń jẹ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Benin tí kò mọ orúkọ ẹni tí ó dà á.

Ní ti òfin, àwọn ará bèbè Mono ní ohun tí Òṣogbo kò ní. Togo ti ní òfin omi láti ọdún 2010. Ní ìparí ọdún 2014, Togo àti Benin fọwọ́ sí àdéhùn láti dá àjọ kan sílẹ̀ fún gbogbo agbami odò Mono, láti orísun dé ẹnu òkun. Òfin ti gbà pé odò kan ni, kì í ṣe ti ìlú kan. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni pé kí àwọn ènìyàn tí ó wà ní bèbè mọ̀ pé òfin náà wà, kí wọ́n sì fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìtanijí ni èyí, iṣẹ́ ọnà sì lè ṣe é.

Ère sìmẹ́ǹtì nìkan kọ́ ni Yorùbá ní. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 tí ó sì fi sínú àkójọ rẹ̀ ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo, jẹ́ iṣẹ́ ọnà ìta gbangba tí ó ń rìn. Wọ́n máa ń ṣe é lẹ́yìn ìkórè, wọ́n sì tún máa ń ṣe é nígbà ọ̀dá àti nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ère orí rẹ̀ máa ń gbé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láwùjọ wọ ojú agbo. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ máa ń dárúkọ ìwà ìbàjẹ́ níwájú ọba àti ìjòyè láìsí ẹni tí yóò mú un sí i. Ọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ omi sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń pọn ọ́n. Ijó àgéré tí a mọ̀ mọ́ Atakpamé náà wà, tí oníjó rẹ̀ ga ju òrùlé lọ, tí ọmọdé àti àgbà sì máa ń gbójú sókè láti wò ó.

Bí ẹgbẹ́ ìlú kan bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún odò rẹ̀, ìtàn Òṣogbo ti fi ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè hàn: níbo ni ìdọ̀tí ti ń wá, ta ni ọba tí ó jẹ níbẹ̀, ta ni ó sì ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ ibẹ̀? Bí ìdáhùn bá tọ́ka sí òkè odò, òkè odò ni ère yẹ kí ó lọ. Kí wọ́n pe àwọn ọba tí ó jókòó lókè omi àti àwọn tí ó jókòó nísàlẹ̀ rẹ̀ sí agbo kan náà, kí Ẹ̀fẹ̀ kọrin níwájú gbogbo wọn, kí àwọn tí ó ń ṣàkóso agbami Mono sì wà níbẹ̀ láti gbọ́. Kí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Lomé, ní Cotonou àti ní Paris mọ̀ pé owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ fún iṣẹ́ ọnà kan ní bèbè yóò pàdánù èrè rẹ̀ bí kò bá sí owó fún àyẹ̀wò omi lókè.

Láròóyè gbọ́ ẹ̀sùn odò, ó sì ṣí kúrò ní bèbè lọ́jọ́ náà gan-an. Lónìí, ẹ̀sùn náà ń wá láti ọ̀nà jíjìn, àwọn tí ó fọ́ ìkòkò kò sì sí nítòsí láti gbọ́ ọ. Ẹnìkan ní láti gbé e lọ bá wọn.